Ẹ tú okùn yẹn: ọ̀rọ̀ lórí ìpàtẹ mọ́tò àtijọ́ nílẹ̀ Okun

Sí Olóòtú,

Okun o! Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o.

Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn láti Kàbà títí dé Ìsánlú, nílẹ̀ àwa Yorùbá Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ni pé kí a fi ìpàtẹ mọ́tò àtijọ́ kún ọjọ́ ìlú, nígbà tí àwọn ọmọ wa bá wálé ọdún Kérésì. Inú wa dùn sí i. Ohun tí kò dùn mọ́ wa nínú ni bí àwọn kan ṣe fẹ́ tò ó. Wọ́n ní àwọn á ta okùn yí mọ́tò ká, owó ìwọlé á ga, Benz ni yóò wà níwájú, Peugeot àti Volkswagen Ìjàpá á lọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan súyà, mẹkáníìkì á sì dúró sí ìta géètì títí ọ̀gá rẹ̀ á fi pè é. Okun ni wá, kí la fẹ́ fi okùn ṣe? Àwa tí mọ́tò àtijọ́ jẹ́ iṣẹ́ wa ní kí a tètè fọhùn kí wọ́n tó ta á ní kókó.

Òótọ́ ni, owó wà nídìí mọ́tò àtijọ́. Ní 2018, Ferrari 250 GTO kan lọ ní mílíọ̀nù 48.4 dọ́là níbi gbàǹjo kan ní Kalifọ́níà. Ní 2022, Mercedes 300 SLR kan, ọ̀kan nínú méjì péré tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní 1955, lọ ní mílíọ̀nù 135 yúrò. Ẹni tó bá gbé irú ìyẹn wá sí Kàbà, àwa fúnra wa la ó bá a ta okùn, a ó tún bá a sun ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó wà nílẹ̀ wa, Peugeot 504 ni, Volkswagen Ìjàpá ni, Benz 200 ni, Datsun ni, Bedford onípákó tó ń kó kọfí àti iṣu lọ sọ́jà ni. Ara mọ́tò tí gbogbo ìlú ti wọ̀ rí kọ́ ló yẹ kí a ta okùn sí.

Àwọn tó ń fẹ́ kí tiwa jọ ti òyìnbó, kí wọ́n wo ti òyìnbó dáadáa. Ní Pebble Beach, Kalifọ́níà, tí wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ láti 1950, tí àwọn olówó ayé ń kó mọ́tò wọn lọ, wọ́n máa ń kọ́kọ́ wa mọ́tò lójú títì kí ọjọ́ ìdájọ́ tó pé. Bí mọ́tò méjì bá gba máàkì kan náà ní ìsọ̀rí wọn, èyí tó parí ìrìn yẹn ni wọ́n máa fún. Ní 2024, Bugatti Type 59 ti 1934 ló borí gbogbo mọ́tò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò tún un kùn kó máa dán gbinrin, ọ̀dà àtijọ́ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n kàn tọ́jú bẹ́ẹ̀ láìtún un kùn kò gbé ipò yẹn rí ṣáájú ọdún náà. Ní Ìlú Ọba ẹ̀wẹ̀, wọ́n dá àjọ̀dún kan sílẹ̀ ní 2014, Festival of the Unexceptional, fún mọ́tò tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ń gùn nígbà kan, tí kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ ní títọ́jú. Àwọn èèyàn ń lọ síbẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ìyangàn mọ́tò kì í sì í pẹ́ ní ojú kan. Peugeot 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, wọ́n sì fi jẹ mọ́tò ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ọdún kan náà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá l'Ékòó. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá gbé 504 wọ Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Mọ̀pà, ọ̀gá ìjọba ni, àwọn ọmọdé á sì sá tẹ̀lé eruku rẹ̀. Oní-504 kì í fẹ́ kí Ìjàpá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Lónìí oní-Benz ló ń ṣe é fún oní-504. Ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò ṣakọ, kó yára ṣe é tán.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú iṣẹ́. Owó á ra ọ̀dà, kò ní ra irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ mú òòfà kékeré, èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti kú ti tó. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má ha ọ̀dà. Ẹ máa rọra fà á lọ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ní etí ibi tí táyà wọ̀ sí, àti yíká gíláàsì iwájú. Níbi tí irin bá wà, á di mú gírígírí. Níbi tí pọ́tì, ìyẹn ohun tí páńẹ́lì bítà fi ń dí ibi tó bà jẹ́ kó tó kun ọ̀dà, bá nípọn sí, á já bọ́. Pọ́tì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí kò bá ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ. Bó bá ti nípọn bí búrẹ́dì, oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ wa á sán an, omi òjò á gba ibi tó sán wọlé, irin á máa dípẹtà lábẹ́ rẹ̀ láìsẹ́ni tó mọ̀, tó bá di òjò kejì á wú bí àkàrà. A ti rí mọ́tò tó dán bíi dígí lójú, tí òòfà kò dì mú rárá láti iwájú dé ẹ̀yìn lápá kan.

Mọ́tò tó lo ayé rẹ̀ létí òkun Èkó (òkun olómi là ń wí o, kì í ṣe àwa), iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́. Mọ́tò tó wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá bàbá ẹnìkan ní Ìyàrá, ọ̀dà rẹ̀ lè ti funfun bí eérú, eku lè ti jẹ wáyà rẹ̀, adìẹ lè ti yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀, síbẹ̀ irin rẹ̀ sábà máa ń le ju ti èyí tó ń dán lọ. Irú wọn pọ̀ nílẹ̀ wa. Ìtìjú ló ń mú kí àwọn tó ni wọ́n fi tapólì bò wọ́n. Bí ìpàtẹ wa bá jẹ́ ti Benz nìkan, wọn ò ní gbé e jáde láéláé, á di ti àwọn tó ń ra irin nídìí kílò.

Fún ẹni tó bá fẹ́ jí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ìkánjú ni ọ̀tá rẹ̀. Ọmọ á dé láti Abúja lọ́jọ́ 23 oṣù Disẹ́ńbà, á ra bátìrì tuntun, á da epo sí táǹkì, á sì fi sítátà ta ẹ́ńjìnì. Mọ́tò tó ti sùn fún ọdún 10, ríìngì písítìn á ti lẹ̀ mọ́ sìlíńdà. Sítátà á fipá yí i, ríìngì á ṣẹ́, á ha sìlíńdà, ó di ẹ́ńjìnì títú. Ẹ kọ́kọ́ tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ po ọ́ìlì ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì díẹ̀, ẹ da bíi ṣíbí ìjẹun méjì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀túnla. Ẹ wá ti gíà sí fírì, ẹ fi sípánà dì mọ́ nọ́ọ̀tì búlì (ibi tí bẹ́líìtì ń yí lé) iwájú ẹ́ńjìnì, ẹ fi ọwọ́ yí i, síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá le, ẹ má ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ tún ọ́ìlì dà sí i, ẹ fún un lọ́jọ́ mìíràn. Ìgbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀mejì láìha ni ẹ tó fi sítátà yí i, láìtíì dá pílọ́ọ̀gì padà, kí ọ́ìlì tó wà lórí písítìn lè tú síta. Ẹ gbé ojú kúrò níbẹ̀ o, ó máa ń ta bí ata. Lẹ́yìn náà ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù. Ìjàpá ń gba lítà 2.5, kò ní fílítà ọ́ìlì, asẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi epo fọ̀ ọ́. 504 ń gba bíi lítà 4.

Epo tó wà nínú táǹkì ti bàjẹ́, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀ bí ti ọ̀dà ìkunlé. Ẹ má da tuntun lé e. Epo tuntun á tú ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí táǹkì, gbogbo rẹ̀ á wọ́ lọ dí jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀, wọ́n á wá sọ pé ayé ló ń ṣe mọ́tò. Ẹ gbé gálọ́ọ̀nù kékeré tó ní lítà kan epo mímọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ẹ fi họ́ọ̀sì tuntun so ó mọ́ ẹnu pọ́ọ̀ǹpù epo, kó fi ìyẹn ṣiṣẹ́ ná títí táǹkì á fi mọ́. Kí gbogbo họ́ọ̀sì epo di tuntun. Nínú Ìjàpá pàápàá, họ́ọ̀sì tó ti gbẹ máa ń sán, epo á máa kán sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, ẹ̀yìn ni iná ti máa sọ, ọ̀nà iwájú sì ni awakọ̀ ń wò.

Bíréèkì ló ń pani ju ẹ́ńjìnì lọ. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi náà á mú písítìn kékeré tó wà nínú táyà dípẹtà, á há. Ẹsẹ̀ bíréèkì á le dáadáa bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nínú àgbàlá, ọkàn yín á balẹ̀, tó bá di ojú ọ̀nà táyà kan ṣoṣo ló máa mú, mọ́tò á sì fà yín lọ sínú gọ́tà. Ẹ ṣí ojú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ pààrọ̀ rọ́bà inú wọn, ẹ fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde títí tí tuntun tó mọ́ á fi yọ. Ti Ìjàpá, ẹ yí eyín àtúnṣe rẹ̀ títí táyà kò fi ní lè yí mọ́, kí ẹ wá dá a padà bí eyín 3.

Táyà ní ọjọ́ orí lára. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àkọlé DOT: 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2009. Bó bá ti lé ní ọdún 10, ẹ yọ ọ́ bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ dára. Ẹ sì bá wa kìlọ̀ fún àwọn fọkanáísà. Wọn á fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ìjàpá ní afẹ́fẹ́ 40 lórí géèjì bí ẹni ń fún bọ́ọ̀lù. Iwájú Ìjàpá fúyẹ́, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà. 18 ni iwájú ń gbà, 27 ni ẹ̀yìn, bó bá jẹ́ táyà rédíà (radial). Ẹni tó bá fún un ní 40 ló sọ ọ́ di ewúrẹ́ tó ń jó káàkiri títì.

A kò tíì kúrò lórí Ìjàpá. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ni bátìrì rẹ̀ wà. Bí ìdérí bátìrì náà bá ti sọnù, tí èèyàn sísanra méjì jókòó lé e, sípíríìngì ìjókòó á fara kan orí bátìrì, iná á ṣẹ́, èyí tó kù nínú ìjókòó á sì jó bí koríko. Pákó pẹlẹbẹ tàbí rọ́bà táyà inú tí ẹ bá gé lé e ti tó láti gba ẹ̀mí là. Ibẹ̀ náà ni ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò ti máa rí nọ́ńbà ṣásí, lábẹ́ ìjókòó yẹn gan-an, lórí irin àárín. Bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá já, fáànù àti jẹnẹrétọ̀ á dúró pọ̀, iná pupa á tàn. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kí ẹ kúkú dé Ayétòrò ná.

Fáàfù Ìjàpá, ìyẹn ìdérí tó ń ṣí tó ń padé lórí sìlíńdà, àlàfo mìlímítà 0.15 ni, ti 504 sì jẹ́ 0.10 fún èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àti 0.25 fún èyí tó ń tú èéfín, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti sùn mọ́jú tó tutù nini. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń fún un pọ̀ nítorí oníbàárà kò fẹ́ ariwo. Fáàfù tí wọ́n fún pọ̀ kì í padé dáadáa, iná á máa jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì jó o. Èyí tó ń ta tì-tì-tì díẹ̀ ló ń pẹ́.

Àìsàn 504 yàtọ̀. Orí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́mù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, omi sì ń yí ara sìlíńdà rẹ̀ ká ní tààrà. Wọ́n á yọ tàmósítáàtì, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná tó, sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, wọ́n á wá máa da omi kànga sí rédíétọ̀ lójoojúmọ́. Omi kànga á fi yẹ̀pẹ̀ funfun sínú ọ̀nà omi, ìpẹtà á jẹ rọ́bà tó wà nídìí sìlíńdà, omi á bọ́ sínú ọ́ìlì. Bí ẹ bá fa irin ìwọn ọ́ìlì jáde tí ohun tó wà lára rẹ̀ dà bí ọ̀gì, ẹ pa á, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Omi òjò tí a sẹ́ pẹ̀lú kúlàǹtì ló yẹ ẹ́, kí tàmósítáàtì sì wà ní àyè rẹ̀.

Níbí gan-an ni okùn ti ń ba nǹkan jẹ́. Gbogbo ohun tí a kọ sókè yìí, ìdí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ ni èèyàn ti ń kọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀yìn okùn. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí: mọ́tò kan dédé kú nígbà tó gbóná, ó tutù tán, ó tún ta. Ẹni àkọ́kọ́ á ní epo ni, kí wọ́n fi ákísà tútù wé pọ́ọ̀ǹpù, torí epo máa ń di oru nínú páìpù lórí àwọn òkè wa yìí. Ẹni kejì á ṣí ìdérí dísíríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì, á rí i pé ojú kọ́ńtáàtì ti jó dúdú, á ní kọ̀ńdẹ́ńsà, agolo kékeré tí kì í jẹ́ kí ojú kọ́ńtáàtì jó, ló kú. Ẹni kẹta á ti bọ́ sí búùtù rẹ̀, á mú kọ̀ńdẹ́ńsà àlòkù kan wá tó fi ìwé ìròyìn wé. Wọ́n á dè é, wọ́n á fi géèjì wọn àlàfo kọ́ńtáàtì sí mìlímítà 0.4, ó ta. Kò sẹ́ni tó bèèrè iye tí ẹnikẹ́ni ń gbà lóṣù. Oní-Benz gan-an nílò èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Benz onídíísù ti àwọn ọdún 1976 sí 1985, afẹ́fẹ́ tó ń fà nínú họ́ọ̀sì tín-ín-rín ló ń pa ẹ́ńjìnì rẹ̀. Bí họ́ọ̀sì kan bá sán, ọ̀gá á yọ kọ́kọ́rọ́, á tilẹ̀kùn, á máa lọ, ẹ́ńjìnì á sì máa ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ìtẹ̀ kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ STOP sí, mẹkáníìkì tí wọ́n dá dúró ní ìta géètì ni.

Lórí ìdájọ́, àwọn tó ń ṣètò lè mú èyí tó bá wù wọ́n nínú tiwa. Nínú máàkì 100, kí 30 jẹ́ ti mọ́tò tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé, ká ní láti Kàbà gba Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ dé Mọ̀pà, tó sì ta láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí adájọ́ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnì láago 7, torí àwọn kan máa ń yọ́ lọ mú un gbóná láàárọ̀ kùtù. Kí 25 jẹ́ ti bíréèkì, iná, họ́ọ̀nù àti wáípà: kí wọ́n wà á ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan, kí wọ́n tẹ bíréèkì, kí wọ́n wò ó bóyá á yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Irin ara rẹ̀ 20, òòfà lọ́wọ́. Bó ṣe sún mọ́ ti ilé iṣẹ́ 15, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má yọ máàkì nítorí táyà rédíà. Ẹni tó fi ẹ́ńjìnì Toyota sínú 504 kò ṣẹ̀, kí wọ́n fún un ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Máàkì 10 tó kù, kó jẹ́ ti káàdì tó máa wà lójú gíláàsì. Kí wọ́n kọ orúkọ mẹkáníìkì, páńẹ́lì bítà, rewáyà àti ẹni tó rán ìjókòó sí i, sábẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Káàdì tí kò bá ní ju orúkọ olówó lọ, òdo.

Owó ìwọlé: kí mọ́tò tó rìn dé má san kọ́bọ̀. Èyí tó bá dé lórí tírélà ló yẹ kó sanwó, torí tírélà rẹ̀ gba àyè mọ́tò mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ súyà wá kù. Ẹ má fi àwọn onísúyà sí ẹ̀gbẹ́ 504 àti Ìjàpá. Kábúrétọ̀ àtijọ́ máa ń jò, èédú sì ń ta iná. Kí wọ́n wà ní ìdà kejì pápá, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní fẹ́ iná wọn wá. Kí ẹ̀rọ apaná oníyẹ̀fun kìlógíráàmù 2 ó kéré tán wà láàárín mọ́tò mẹ́fà-mẹ́fà. Bí Ìjàpá bá gbiná, ẹ má da omi sí i: epo á léfòó lórí omi, á gbé iná kiri, àgbá ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì jẹ́ màgnẹ́síọ́mù, omi ń mú kó jó sí i ni.

Ibi tí wọ́n fẹ́ ta okùn sí, kí wọ́n tẹ́ tapólì síbẹ̀, kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì méjì àti tábìlì kan sí i fún irinṣẹ́. Ẹni tó bá ní kọ̀ńdẹ́ńsà 504 ju ẹyọ kan lọ, kó mú un dání.

Àwa ni,
Àwọn mẹkáníìkì àti onímọ́tò àtijọ́ kan,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.